Ṣé ínkúbétọ̀ ni kí ìlú wa rà fún ọsibítù, àbí nǹkan mìíràn ló yẹ kó ṣáájú?

Nọ́ọ̀sì Ìgbómìnà:

Mo kí gbogbo ilé. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí ní ọsibítù kékeré kan ní gúúsù Kwara, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára wa, Ìlọrin ni a ń darí aláìsàn lọ, wọn á gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá, bí wọ́n bá tètè rí ọkọ̀. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, àwọn ti ilé àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi, ti dá owó jọ, wọ́n sì ní ínkúbétọ̀ tuntun kan ni àwọn fẹ́ fi ta ọsibítù lọ́rẹ nígbà àjọ̀dún ìlú, kí àwọn ọmọ tí a bí kí oṣù wọn tó pé lè máa rí ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa. Alága ẹgbẹ́ fi bébà lé mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àìkú, ó ní kí n kọ irú èyí tí a fẹ́ sí i. Bébà náà ṣì funfun títí di òní.

Ohun tí ó dá ọwọ́ mi dúró ni pé ínkúbétọ̀ kan ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀. Àwọn aláàánú kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun kí n tó dé ibẹ̀. Ó wà ní sítọ̀, inú rẹ̀ ni a ń kó káàdì àwọn aboyún sí, nítorí pé eku kò lè wọ ibẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún mi bóyá ó ṣiṣẹ́ rí. Iná Nẹ́pà ní tiwa kì í ju wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lójúmọ́, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì jẹ́ ohun tí akọ̀wé ọsibítù máa ń fi ìbínú fọwọ́ sí.

Ní oṣù Kejìlá tí ó kọjá, a gbẹ̀bí ọmọbìnrin kan tí oṣù rẹ̀ kò pé. 1.5 kílò ni òṣùwọ̀n kà. Ó ké, ó mí, ara rẹ̀ sì pọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń jà lóde débi pé fèrèsé ń mì, bí a ti nu ara rẹ̀ tán ni ó ti ń tutù. A dé e ní fìlà, a fi ánkárá mẹ́ta wé e, a rọ omi gbígbóná sínú ike méjì, a tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò lè bá a lọ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà lára rẹ̀, nítorí náà bàbá rẹ̀ ni ó gbé e lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ títí dé Ìlọrin. Kí wọ́n tó débẹ̀, omi inú ike ti di tútù, ike tútù náà ni ó sì wá ń fa ooru kúrò lára ọmọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a.

Ṣé bí ínkúbétọ̀ bá ti wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ yẹn ì bá yè? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, n ó kọ ọ́ sí bébà ní lẹ́tà gàdàgbà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni owó yìí lè ṣe ní ọsibítù tí nọ́ọ̀sì kì í ju méjì lọ lóru, tí dókítà máa ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ kan irú nǹkan báyìí rí ni kí ó dá mi lóhùn, kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ ta ọjà.

Aṣàtúnṣe-Ẹ̀rọ, Ìlọrin:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì wa. Ọlọ́run yóò tu àwọn òbí ọmọ náà nínú. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ọsibítù ni mò ń ṣe, sítọ̀ tí ẹ sì ń sọ yẹn, mo mọ òórùn rẹ̀ láìdé ibẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ínkúbétọ̀ jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ náà ní ọgbọ́n kan tí ó fi ń wo ọmọ sàn. Àpótí ni. Fáànù kan ń fa afẹ́fẹ́ gba inú asẹ́ wọlé, ó ń fẹ́ ẹ kọjá lórí irin gbígbóná, afẹ́fẹ́ náà á gba orí omi kọjá kí ó má baà gbẹ jù, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí a ń lẹ̀ mọ́ ikùn ọmọ, òun ni ó ń sọ fún irin náà ìgbà tí ó yẹ kó gbóná àti ìgbà tí ó yẹ kó sinmi. Wáyà yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní orí tirẹ̀ tí kì í wọ inú ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Mo ti bá ọ̀kan pàdé rí tí wọ́n fi pílásítà lẹ wáyà náà mọ́ fóòmù, kò kan ara ọmọ rárá. Ẹ̀rọ náà ń tọ́jú fóòmù lójú méjèèjì, ọmọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òmíràn wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí iná ilé wọn kò ju 120 volt lọ. Tiwa ju 220 lọ. Ẹni tí ó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kò ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, èéfín ni ẹ̀rọ sì fi dá a lóhùn.

Èyí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí méjì, Perry àti Malkin, kó àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ọsibítù jọ láti àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí èmi fúnra mi ń tú wò kò kú. Wáyà kan, fíùsì kan tàbí asẹ́ tí eruku ọyẹ́ ti dí ni ó dá wọn dúró, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta òmíràn.

Àwọn kan gbìyànjú láti já ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Design that Matters ti Timothy Prestero ṣe ínkúbétọ̀ kan tí wọ́n pè ní NeoNurture, tí ó jẹ́ pé ẹ̀yà ara mọ́tò ni wọ́n fi kọ́ ọ: iná iwájú mọ́tò ni ó ń mú un gbóná, fáànù mọ́tò ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, bátìrì ọ̀kadà sì wà níbẹ̀ fún ìgbà tí iná bá lọ. Èrò wọn ni pé kò sí ìlú tí kò ní mẹkáníìkì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo pàtẹ́wọ́. Ìwé ìròyìn yìn ín ní 2010, ṣùgbọ́n kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó gbà láti máa ṣe é, kò sì dé ọsibítù. Ẹni tí ó ń ra ẹ̀rọ kọ́ ni ẹni tí ó ń lò ó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà. Wọ́n kọ́gbọ́n, wọ́n sì bá MTTS, ilé-iṣẹ́ kan ní Hanoi ní Vietnam tí ó ti ń ṣe ẹ̀rọ tí ó sì ń tà á fún ọsibítù, ṣe Firefly, iná tí a fi ń tọ́jú ọmọ tí ibà pọ́njú bá ń ṣe. Ìyẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á pé ta ni yóò wá láti Ìlọrin tàbí Èkó bí ó bá bàjẹ́, àti pé èló ni wáyà ikùn yẹn, níbo ni wọ́n ti ń rà á. Bí ó bá ń wò yín lójú, ẹ dìde. Kí ẹ sì yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó náà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ kankan kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Ìyá Ọmọ Oṣù Méje:

Èmi kì í ṣe oníṣègùn, aṣọ ni mò ń tà ní Ìlọrin. Oṣù méje ni mo fi bí ọmọ mi kejì, 1.4 kílò ni. Mo ń retí kí wọ́n gbé e sínú gíláàsì bí mo ṣe máa ń rí i nínú fíìmù, nọ́ọ̀sì àgbà kan sì wọlé, ó ní kí n bọ́ búbá mi.

Ó bọ́ ọmọ náà síhòòhò àfi ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, ó gbé e sáàárín ọmú mi méjèèjì ní òró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí ti ọ̀pọ̀lọ́, ó yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ kí imú rẹ̀ má baà dí, ó wá fi aṣọ kan tí ó ń fà bí rọ́bà dì wá pọ̀. Ó ní ìsàlẹ̀ aṣọ náà ni kí n mú dán-in-dán-in, kí n má ṣe fún òkè pa. Àwa Yorùbá ni a ni ọ̀já, a sì mọ ọmọ pọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni a mọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ bí a ṣe ń pọn ọmọ síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, mo sì ń mọ èémí rẹ̀ ní àyà mi. Nígbà mìíràn èémí náà á dáwọ́ dúró díẹ̀, mo á fi ìka ra ẹ̀yìn rẹ̀, á tún máa lọ.

Ọmú tí mo ń fún sínú ife ni wọ́n kọ́kọ́ ń gba rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fún un, wákàtí méjì-méjì, ìgbà tí ó ṣe ó bẹ̀rẹ̀ sí lá a láti inú ife fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá ni ó tó padà sí ìwọ̀n tí a fi bí i. Lálẹ́, bàbá rẹ̀ ni ó ń gbà á. Ìyá ọkọ mi wọlé, ó bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó bọ́ṣọ sílẹ̀ tí ó na gbalaja sórí àga pẹ̀lú ọmọ láyà, ó ní, “Yéè! Ọkùnrin ń pọnmọ! Níwájú pàápàá!” Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí òun fúnra rẹ̀ fi ká ìborùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó ní kí wọ́n fún òun.

Ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi sá ni àga. Àga oníke líle ni, ẹni tí ó bí ọmọ lánàá ni wọ́n ní kí ó jókòó sórí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá. Bí mo bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ á máa yọ̀ wálẹ̀. Bí mo bá jókòó, ìdí mi á máa ta mí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rán mi níbẹ̀. Ìyá méjì tí a jọ wà níbẹ̀ pa á tì nítorí àga yìí, wọ́n ní kí wọ́n gbé ọmọ àwọn padà sínú ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe gbàgbé àga.

Ọmọ Ìlú, Èkó:

Ẹ má bínú sí mi o, mo wà lára irú àwọn tí ń dá owó báyìí. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọmọ olówó á sùn nínú gíláàsì ní Èkó, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan ti Ìgbómìnà, wọ́n á ní kí ìyá bọ́ aṣọ kí ó so ọmọ mọ́ àyà. Ṣé nǹkan tí kò ná wa lówó ni ó tọ́ sí wa ni? Ìlú kejì wa ti ní ínkúbétọ̀. Bí a bá pe gbogbo ènìyàn jọ ní ọjọ́ àjọ̀dún, tí ọba jókòó, tí a wá ṣí aṣọ lójú àga, kí ni a fẹ́ wí?

Dókítà Ọmọdé:

Ọmọ ìlú wa, ẹ̀dùn ọkàn yín yé mi, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àìní ni ó bí ìtọ́jú yìí lóòótọ́. Ní 1978, ní Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ínkúbétọ̀ kò tó àwọn ọmọ tí dókítà Edgar Rey ń tọ́jú, wọ́n ń to ju ọmọ kan lọ sínú ọ̀kan, àìsàn sì ń ti ara ọ̀kan ràn mọ́ èkejì. Ó ní kí àwọn ìyá máa gbé wọn sí àyà, awọ ara sí awọ ara. Ẹran ilẹ̀ Ọsirélíà tí ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn, kangaroo, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Lónìí, àwọn ọsibítù ńlá ní Sweden ń ṣe é, ẹ sì mọ̀ pé owó ínkúbétọ̀ kọ́ ni ìṣòro tiwọn.

Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí a dúró de ìgbà tí ara ọmọ bá balẹ̀ kí a tó gbé e fún ìyá rẹ̀, ọsibítù márùn-ún ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà, ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tànsáníà àti lọ́dọ̀ wa ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọ tí ìwọ̀n wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1.0 kílò tí kò sì tó 1.8 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: wọ́n gbé apá kan sí àyà ìyá láti kété tí wọ́n ti bí wọn, wọ́n kọ́kọ́ fi apá kejì sí ibi tí a ti ń fi ẹ̀rọ tọ́jú wọn. Èsì jáde ní 2021. Nínú 100 ọmọ apá kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16 tí ó kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28. Ní apá ti àyà, 12 ni. Ìyàtọ̀ náà hàn débi pé wọ́n dá ìwádìí dúró kí iye ọmọ tí wọ́n ń wá tó pé, nítorí kò tọ́ mọ́ láti fi ìtọ́jú náà du ẹnikẹ́ni. Ní 2022, WHO wá dámọ̀ràn pé kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà ìbí, fún wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́, àfi fún ọmọ tí kò lè dá mí tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lọ káàkiri ara dáadáa. Irú ìyẹn, àti àwọn tí ó kéré gan-an, ṣì nílò ẹ̀rọ ní ọsibítù ńlá, nítorí náà n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀gá wa aṣàtúnṣe mú ẹnikẹ́ni kórìíra ínkúbétọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi, ọmọ ilẹ̀ wa tí ó gba Ẹ̀bùn Sáyẹ́ǹsì ti Nàìjíríà ní 2023, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún àwọn ògbólógbòó ínkúbétọ̀ kọ́ ní àwọn ọsibítù wa. Ẹ̀rọ tí ó wà ní sítọ̀ yín lè má tíì kú.

Nọ́ọ̀sì, ẹ fi èyí sọ́kàn: ínkúbétọ̀ ń fún ọmọ ní ooru, kò lè mí fún un. Kí bébà yín tó kún, ẹ kọ ambu bag méjì sí i, báàgì tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ láti fẹ́ atẹ́gùn sínú ọmọ, pẹ̀lú ìbòmú rẹ̀ tí ó bá ojú ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé mu àti èyí tí ó bá ti ọmọ kékeré mu. Ìṣẹ́jú kan péré ni ọmọ tí kò ké ní kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ atẹ́gùn sí i. Báàgì yìí kò lo iná, mo sì ti dé ibi tí wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sílé.

Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé máa ń lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀rá tí omi wọ̀. Ẹ̀rọ tí a ń pè ní bubble CPAP ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú láìdáwọ́ dúró kí ọ̀rá náà má baà pa dé, ọgbọ́n rẹ̀ kò sì ju pé a ri ẹnu rọ́bà tí ó ti ọ̀dọ̀ ọmọ bọ̀ sínú ìgò omi lọ: bí ó bá wọ omi ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, agbára tí ó ń di ẹ̀dọ̀fóró ọmọ mú nìyẹn. Nígbà tí omi bá ń hó ṣùkùṣùkù, ẹ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ẹ sáré. Wọ́n ti fi irú rẹ̀ kan tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, Pumani, tí àwọn ará Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà ṣe, tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọ ní Màláwì, iṣẹ́ tí Amadi fi gba ẹ̀bùn náà sì wà ní ọ̀nà yìí kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ìgò àti rọ́bà ṣe é lọ́dọ̀ yín kí ẹ sì so ó mọ́ ọ́síjìn kíkún. Ọ́síjìn tí kò ní àdàlú máa ń ba ẹ̀yìn ojú ọmọ wọ̀nyí jẹ́, wọ́n lè fọ́jú. Ìdí nìyí tí oximeter, tí ń ka ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, fi gbọ́dọ̀ bá ẹ̀rọ ọ́síjìn rìn: nígbà tí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé bá ń gba ọ́síjìn, kí ohun tí oximeter ń kà má ṣe kọjá 95 nínú 100.

Ibà pọ́njú ni ó kù. Àwọn ìyá wa máa ń tẹ́ ọmọ sí oòrùn àárọ̀, a sì máa ń bá wọn jà, nítorí oòrùn lásán lè jó ọmọ tàbí kí atẹ́gùn mú un tutù, kí wọ́n sì máa fi wákàtí ṣòfò nígbà tí oró ibà pọ́njú náà ń wọ ọpọlọ lọ. Síbẹ̀ wọn kò ṣìnà pátápátá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Ìlọrin, àwọn olùwádìí ta irú ọ̀rá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò bo àtíbàbà kan. Ọ̀rá náà ń sẹ́ ohun tí ń jó awọ ara àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru kúrò nínú ìtànṣán, ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù tí ń tú oró ibà pọ́njú kọjá. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2018 fi hàn pé, fún àwọn ọmọ tí ibà pọ́njú wọn le, iṣẹ́ rẹ̀ kò rẹ̀yìn sí ti iná búlúù alágbára. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn ara ọmọ kọ̀ọ̀kan lóòrèkóòrè níbẹ̀ o. Àtíbàbà láìsí olùṣọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Kí ẹ sì bá mi kìlọ̀ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni kò ní G6PD, èròjà tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tó, òórùn káńfọ̀ sì lè ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìgbómìnà:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ọmọ Oṣù Méje lẹ́ẹ̀mejì, mo sì dìde kúrò nídìí fóònù. A lọ kọ́ kangaroo yìí fún ọjọ́ méjì ní Ìlọrin, ìwé ẹ̀rí mi wà lára ògiri. Ìyá ni a ń ronú kàn nígbà gbogbo. Ní òru ọjọ́ yẹn, ìyá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ń dà, mo sì fi ánkárá mẹ́ta àti ike omi sáàárín ọmọ àti bàbá rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná. Kò wá sí mi lọ́kàn láti ní kí ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá aṣàtúnṣe, ẹ̀rọ ọ́síjìn wo ni iná wa lè gbé?

Aṣàtúnṣe-Ẹ̀rọ, Ìlọrin:

Ẹ má fi ìyẹn pa ara yín. Ẹ ra concentrator tí ń fún ni ní líta márùn-ún. Afẹ́fẹ́ lásán ni ó ń fà, ó ń sẹ́ náítírójìn kúrò, ọ́síjìn tí ó kù sì máa ń ju ìdá 90 nínú 100 lọ. Ó ń jẹ nǹkan bí 350 wáàtì, tí sólà àti bátìrì gidi lè gbé. Ìdajì líta sí líta kan ni ọmọ tuntun ń fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ẹ bèèrè ohun tí ń pín in, ẹ̀rọ kan á bọ́ ọmọ mẹ́rin. Fóòmù asẹ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa fọ̀ ọ́, bí ọyẹ́ bá dé kí ó di ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Èmi yóò wá ní Sátidé láti wo iná yín, kí n sì tú ínkúbétọ̀ yẹn wò. Owó epo ọkọ̀ nìkan ni n ó gbà.

Ọmọ Ìlú, Èkó:

Mo gba ọ̀rọ̀ dókítà. Ẹ kọ owó àga kan sí mi lọ́rùn, kí ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣeé dà sẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì Ìgbómìnà:

Bébà ti kún. Àga mẹ́rin tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dà, bẹ́ẹ̀dì méjì fún àwọn ìyá nínú yàrá ọmọ gan-an, aṣọ ìdìmọ́ra ogún tí télọ̀ ìlú wa yóò rán, ambu bag méjì tí a ó fi kọ́ sára ògiri láìsí kọ́kọ́rọ́, concentrator kan, oximeter tí ó bá ẹsẹ̀ ọmọ mu, sólà, àti ìdá kan nínú márùn-ún fún àtúnṣe. Alága jiyàn lórí ìyẹn kẹ́yìn títí ó fi sú u. Ó béèrè ibi tí wọn yóò kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí tí ọba yóò fi rí i, mo ní ẹ̀yìn àga kọ̀ọ̀kan fẹ̀ dáadáa.

Ọ̀gá aṣàtúnṣe, a ń retí yín ní Sátidé. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń kó káàdì àwọn aboyún jáde nínú ínkúbétọ̀ náà. Mo rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá.